Omi Tí Mi Ò Nù

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Ayọ̀ ọmọ mi ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lé wa kúrò lórí yìnyín ló tó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, Mísì Karen tó ń kọ́ ọ ní ijó orí yìnyín sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ilé ta lọ́rẹ. Èmi jókòó lórí bẹ́ǹṣì tútù yẹn ní Romford, mo ká jákẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ mọ́ orúnkún. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, kò tíì mọ́ ìdí mi lára.

Nígbà tó jáde, mo gba bàtà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi táwẹ́ẹ̀lì nu irin abẹ́ ẹ̀ títí tó fi ń dán. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Òun á fò, èmi á nù.

Ṣeunfúnmi, ọmọ Ìbàdàn tó gba yàrá kékeré lókè lọ́wọ́ wa, tó wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó bíi tèmi, bi mí nílé ìdáná pé kí ló tiẹ̀ le nínú fífò ọ̀hún. Mo ní ojú iwájú ló máa kọ kó tó fò, á yí po lókè lẹ́ẹ̀mejì àti àbọ̀, tó bá wá balẹ̀, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni á máa yọ̀ lọ lórí irin tí kò fẹ̀ tó ìka. Ásẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Tí kò bá sí ásẹ́ẹ̀lì, kò sí nǹkan kan fún un níbi ìdíje tó ń bọ̀ ní Sheffield.

Ó wò mí. "Àǹtí, ẹ ń jí láago mẹ́rin lójoojúmọ́ kí ọmọ yín lè rí ibi ṣubú sí?"

Mo lé e jáde nílé ìdáná.

Sátidé, 25 Oṣù Kẹwàá

Bàbá Ayọ̀ tún un sọ nídìí oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun ò gbọ́. Ẹni mẹ́jọ àkọ́kọ́ ní Sheffield ni wọ́n máa mú sínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Tí Ayọ̀ bá wà nínú wọn, kó máa bá a lọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bàtà yìnyín parí, ìwé ló kù, torí ìdánwò àṣejáde ń bọ̀ lóṣù Karùn-ún.

"Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni," ló ní. "Àdéhùn ni."

Kò bínú lóòótọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti oṣù Kẹta tí ọmọ ti fi ọwọ́ gúnlẹ̀ lórí yìnyín tí egungun ọrùn ọwọ́ ẹ̀ sì dá, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Romford mọ́. Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì gba àárín àwọn wèrè onímọ́tò Barking lójoojúmọ́, kò láyà láti wo ọmọ ẹ̀ kó fò.

Ayọ̀ ní, "Okay, Daddy." Ó jẹ ẹran ẹ̀ tán, ó fọ àwo ẹ̀, ó gòkè lọ. Mo gbọ́ tó ń fò lókè lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbìì, gbìì, títí iná àárín pálọ̀ fi ń mì.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Kò balẹ̀ rárá lónìí. Kò fẹ́ kí n bá òun sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Ó balẹ̀! Pẹ̀lú orin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó balẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín síta. Mo ké Hallelujah débi pé àwọn tó ń gbá họ́kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yíjú wò mí. Kí wọ́n máa wò.

Mo ra tàtàṣé lọ́nà ilé. Ó wọ́n bí ojú. Mo rà á náà.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀mí gbé Ìyá Àkànmú lónìí.

Òun ni wòlíì obìnrin wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ríran kiri bí àwọn kan. Ó lè jókòó fún oṣù kan kó má sọ nǹkan kan ju pé kí wọ́n ti fèrèsé. Lónìí, láàárín orin, ó dìde, sùtánà ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun rí omi tó dúró gan-an bí dígí, ọmọbìnrin kan ń sáré lórí ẹ̀, ọwọ́ kan sì ti ìsàlẹ̀ nà jáde, ó fẹ́ fà á lẹ́sẹ̀.

Kò dárúkọ. Ṣé ó tún yẹ kó dárúkọ ni? Ọmọ mélòó ló ń sáré lórí omi nínú ìjọ wa?

Ayọ̀ ò gbọ́, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó ń kọ́ lórin nínú yàrá kejì. Bàbá ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́. Nígbà tí a parí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Gbé bàtà ọmọ náà wá kó tó lọ," ló ní. "Má sọ fún un. Kí ọkàn ẹ̀ má bàa pínyà."

Sátidé, 22 Oṣù Kọkànlá

Mísì Karen gbé irin lọ fún ẹni tó ń bá a pọ́n ọn. Ó mú bí abẹ. Ó ní kí Ayọ̀ má wọ bàtà mọ́ títí a ó fi dé Sheffield ní Ọjọ́rú, kí ọrùn ẹsẹ̀ tó ń ro ó lè sinmi, kó gbájú mọ́ ìdánwò ilé ìwé ní Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun.

Ó ní gbogbo nǹkan ti pé. Mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa sọ pé nǹkan ti pé.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kọkànlá

Ayọ̀ wà nílé ìwé. Mo fa báàgì bàtà jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ta táyà ní Barking. Ìyá Àkànmú ti ń dúró. Ó ti tan àbẹ́là, ó ti da lọ́fíńdà sínú ike omi. Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe máa ń ṣe, ni mo bá rántí pé bàtà náà ni mo gbé lọ́wọ́ wọlé. Mo bi í bóyá kò lòdì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o wọ̀ ọ́ ni?"

Ó tò wọ́n síwájú pẹpẹ, ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Ó da omi lé wọn lókè, ó dojú wọn délẹ̀, ó da omi lé irin gan-an, torí ó ní ibẹ̀ ni ọwọ́ yẹn fẹ́ gbá mú. Mo kúnlẹ̀, mò ń ṣe àmín, ọwọ́ mi sì ti wọ inú báàgì lọ wá táwẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

"Fúnkẹ́! Omi àdúrà lo fẹ́ nù kúrò yẹn?"

Ojú tì mí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Omi àdúrà, a kì í fi aṣọ nù ún, lára ẹni ló ń gbẹ sí. Ìyá tó bí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ wẹ̀ wá láàárọ̀ ọyẹ́, a ó máa gbọ̀n nínú atẹ́gùn ni títí a ó fi gbẹ, ẹni tó bá fọwọ́ kan táwẹ́ẹ̀lì á jẹ ìgbátí. Mo fa ọwọ́ mi padà.

Mo fi ìdérí ọ̀rá bo irin kó má bàa gé báàgì, mo dá a padà sábẹ́ àtẹ̀gùn kí Ayọ̀ tó dé. Ọwọ́ ń yún mi ṣá. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ilẹ̀ wo ló wá tutù tó ti Sheffield?

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kọkànlá

Ènìyàn méjì ò wá síbi iṣẹ́, èmi ni mo dí àyè wọn. Mo ní kí n ṣí báàgì wò nígbà tí mo délé, àmọ́ Ayọ̀ ti gbé e lọ sí yàrá ẹ̀, ó sì ti sùn.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kọkànlá

A ti dé Sheffield. Bàbá Ayọ̀ gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí lẹ́nu ọ̀nà kí a tó kúrò, ó ṣàdúrà fún un. Ó ní òun ò lè rí ààyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn.

Òtútù ibí yìí ń wọ eegun. Ayọ̀ jẹ dòdò tí mo dì wá ní tútù, ó ní ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kọkànlá

Yéè!

Ayọ̀ jókòó láti wọ bàtà fún ìdánrawò. Ó fa ìdérí ọ̀tún, kò tètè kúrò. Ó fà á tagbáratagbára. Irin yọ síta, ó pọ́n rúsúrúsú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ti dógùn-ún. Ó fa ti òsì, bákan náà ni.

Mísì Karen gbà á, ó fi èékánná ha á. Obìnrin yẹn kì í pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Ó ní, "Ta ló fi omi sílẹ̀ lára ẹ̀?"

Ayọ̀ gbé bàtà súnmọ́ imú. Mo rí i bó ṣe gbé e. Lọ́fíńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ṣeé fi pamọ́, ọmọ tí mo pọ̀n lọ síbẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ kò lè ṣì í gbọ́. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò wò mí pẹ́.

"Èmi ni," ló sọ fún Mísì Karen. "Mi ò nù ún. Mo gbàgbé."

"O gbàgbé." Mísì Karen dá irin padà sí i lọ́wọ́. "Ọmọ ọdún méje tí mò ń kọ́ kì í gbàgbé, Ayọ̀."

Mo dúró síbẹ̀, èmi ìyá ẹ̀, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi níbi iṣẹ́, nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo rò ó pé tí mo bá ní omi àdúrà ni, kí ni obìnrin òyìnbó yìí máa fi ojú wo ìjọ wa? Mo rò ó pé tí Bàbá Ayọ̀ bá gbọ́ ńkọ́? Bí mo ṣe ń rò ó, wọ́n ti gbé irin lọ.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń pọ́n irin. Ó ní ibi tí ìpẹtà jẹ dé jìn, kò sí bí òun ò ṣe ní ha á púpọ̀ kó tó tẹ́jú. Nígbà tí Ayọ̀ wọ̀ ọ́ padà, irin ẹlòmíràn ló dà bí ẹni pé ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ń mú yìnyín jù. Ó ṣubú nídìí fífò tí ó ti mọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, mo bi í. "Kí ló dé tí o purọ́?"

"Mum, please, ẹ jẹ́ kí n sinmi." Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ìyá Àkànmú ni, àbí?"

"Òun ni."

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi."

"Èmi náà." Ó fa dùfé bo èjìká. "Ẹ má sọ fún Daddy. Wọ́n á máa fi pariwo mọ́ yín títí Kérésì. Tí mo bá ti bọ́ sínú ẹni mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan kan."

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kọkànlá

Ijó kúkúrú lónìí, gígùn lọ́la, wọ́n á ro máàkì méjèèjì pọ̀. Ó fo ásẹ́ẹ̀lì, ó ṣubú. Ipò kejìlá ló wà.

Sátidé, 29 Oṣù Kọkànlá

Ijó gígùn. Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò jáde. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run? Ohun tí mo rí sọ kò ju pé, Olúwa, dákun, má fi tèmi ṣe tiẹ̀.

Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí Ṣeunfúnmi bá a rán ìlẹ̀kẹ̀ sí lọ́rùn. Ó dúró láàárín yìnyín, orin bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ibi tí ásẹ́ẹ̀lì wà nínú orin yẹn bí mo ṣe mọ ilé mi. Ó ń sáré bọ̀, ó kọjú síwájú, mo di ojú, mo tún là á. Ó lọ sókè. Ó balẹ̀. Ó balẹ̀! Irin ha yìnyín kàrà, ó ń yọ̀ lọ sẹ́yìn, apá ẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Mo gbá obìnrin tí mi ò mọ̀ rí mọ́ra.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, níbi fífò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rù, irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n yẹn há sínú yìnyín. Kò ṣubú, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ó dìde, ó parí ijó ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi nìkan ni mo rí i pé ẹ̀rín yẹn ò dé ojú.

Ipò kẹsàn-án.

Díẹ̀ báyìí ni ẹni tó ṣe ìkẹjọ fi jù ú lọ. Ọwọ́ kan tó kan yìnyín ló gbà á. Mo jókòó sórí àga, mo rántí ọwọ́ tí Ìyá Àkànmú rí lábẹ́ omi. Ọwọ́ tèmi ni.

Ọjọ́ Ìsinmi, 30 Oṣù Kọkànlá

Bàbá Ayọ̀ dì mọ́ ọmọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. Ó ti se ìrẹsì dè wá, ó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní ìkẹsàn-án kì í ṣe ìkẹjọ. Ayọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ẹ̀ wá bi í bí irin ṣe dógùn-ún, torí ó gbọ́ ọ nílé nígbà tí mo ń bá Ṣeunfúnmi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Sheffield. Ayọ̀ ní òun gbàgbé láti nù ún.

Ó mi orí. Kò pariwo. "Ẹni tí ọkàn ẹ̀ bá wà nídìí nǹkan kì í gbàgbé irú ẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ọkàn ẹ ti kúrò níbẹ̀, o kàn ò tíì mọ̀ ni."

"Yes, Daddy."

Èmi ń kó àwo. Mo kó gbogbo àwo tán, mo tún ń nu tábìlì tó ti mọ́.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejìlá

Mísì Karen pè mí níbi iṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ kọ́ ni tòun, bóyá wọ́n mú Ayọ̀ tàbí wọn ò mú un, òun ṣì fẹ́ kọ́ ọ. Àmọ́ òun ò lè fi ààyè àárọ̀ ẹ̀ dúró títí. Di Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni. Tí kò bá wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ mìíràn ló máa gbà á.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ló ní. "Ṣé ó ṣì wù ú?"

Mo ní màá padà pè é.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Mo jí láago mẹ́rin, kò sí ibi tí mo fẹ́ lọ. Ayọ̀ ń sùn. Mo dúró nílé ìdáná, mo rí táwẹ́ẹ̀lì bàtà tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo yí ojú kúrò.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ yìí kì í tilẹ̀ ṣe tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bá mi rù ú, kò sì ráhùn sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó ráhùn, ì bá sàn.

Sátidé, 6 Oṣù Kejìlá

Bàbá Ayọ̀ ní a ó dúpẹ́ lọ́la ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìrìn àjò tí a lọ tí a sì bọ̀ láìfarapa. Ó ní kí a gbé bàtà dání, kí a fi tayọ̀tayọ̀ dá a padà fún Ọlọ́run kí a tó tà á. Ó rò ó dáadáa, ohùn ẹ̀ rọ̀. Ọkùnrin náà ò níkà nínú.

Mo rí Ayọ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ń nu irin kó tó kó bàtà sínú báàgì, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò sójú iná, ó tún ń nù ún. Ta ló ń nu ohun tó fẹ́ tà báyẹn?

Ọjọ́ Ìsinmi, 7 Oṣù Kejìlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Wọ́n pè wá síwájú. A jó dé pẹpẹ, àwa mẹ́ta nínú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì, Ayọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàtà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá ẹ̀ gba máìkì, ó dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run tó ti ibì kan ilẹ̀kùn máa ṣí òmíràn. Ìjọ ṣe àmín. Ìyá Àkànmú gbé ike omi, ó wọ́n ọn sí wa lórí, ó wọ́n ọn sórí bàtà. Omi ń kán láti ara irin sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Mo rí ọwọ́ Ayọ̀ tó sún sí irin. Ó fẹ́ nù ún. Ó wo Ìyá Àkànmú, ó wo bàbá ẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló wò mí, irú wíwò tó wò mí ní Sheffield.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ ẹ̀, mo fa etí sùtánà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin.

Orin dá. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Háà!"

"Ìyá Ayọ̀," ọkọ mi ní, "kí lò ń ṣe?"

"Mò ń nu bàtà." Mi ò dáwọ́ dúró. "Kò gbàgbé. Ọmọ yìí ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo jí bàtà ẹ̀ gbé wá síbí láìsọ fún un, wọ́n da omi sí i, mi ò nù ún, mo sì fi ìdérí bò ó mọ́lẹ̀. Èmi, tí mo ti ń nù ún láti ọdún mẹ́sàn-án! Mo mọ̀ pé irin ni. Ó bò mí láṣìírí, mo sì jẹ́ kó rù ú. Ipò kan tó fi sọnù, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo rò pé Ìyá Àkànmú máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi létí. Ó gbé ike omi sílẹ̀.

"Mo ní kí o má nù ún," ló ní. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi mọ irin òyìnbó ni? Ìwọ tó mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí o ò la ẹnu?"

"Ẹ̀rù yín bà mí, Mọ́mì."

"Ẹ̀rù mi!" Ó yíjú sí ìjọ. "Èmi tí Fúnkẹ́ ń bá tẹ fóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ara mi rọ̀ díẹ̀. Ó gba ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ Ayọ̀, ó nà án sí mi. "Nu ìkejì. Nù ún dáadáa. Àdúrà ò sí lára omi tó kù."

Bàbá Ayọ̀ ń wo ọmọ ẹ̀. "O mọ̀ pé ìyá ẹ ni?"

Ayọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo sọ fún ẹ pé ọkàn ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. O dákẹ́."

Ayọ̀ bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun ní Sheffield, tí kò sun nílé. "Daddy, ó wà níbẹ̀. It's still there."

Bàbá ẹ̀ yí padà, ó jáde. Ẹsẹ̀ lásán ló fi gba àárín àwọn táyà kọjá nínú òtútù yẹn. Nígbà tí a délé, mo pe Mísì Karen, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ààyè ọmọ náà ṣì wà di àárọ̀ ọ̀la. Mo sọ fún Bàbá Ayọ̀. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kejìlá

Mo jí láago mẹ́rin bí mo ṣe máa ń jí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ṣófo. Mo lọ sí yàrá Ayọ̀, ibùsùn ṣófo.

Nǹkan ń ha níta, kàrà, kàrà. Mo fa kọ́tìnì. Yìnyín ti bo gbogbo mọ́tò tó wà ládùúgbò, Bàbá Ayọ̀ sì wà níbẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹ̀, ó ń fi káàdì bọ́ọ̀sì ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì mọ́tò. Ayọ̀ ti jókòó síwájú, báàgì bàtà wà lórí itan ẹ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òtútù gbá mi lójú. Bàbá Ayọ̀ gbójú sókè, èéfín ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Kò kí mi. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Fúnkẹ́," ló ní, "táwẹ́ẹ̀lì bàtà dà?"